Aránṣọ Tó Di Oníjó Orí Fóònù

Aránṣọ ni obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Wọ̀-ọ́-wò, nítorí kì í jẹ́ kí oníbàárà gbé aṣọ lọ láì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ ọmọ dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí sísí kan ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí òdìkejì títì, tó ń gbé gbogbo aṣọ tó bá rán sórí ayélujára, oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dín lọ́dọ̀ Àǹtí. Ẹ̀rù bà á gan-an. Bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá kógbá sílé, àfi kó lọ máa bá sísí yẹn ránṣọ, kó máa pe ọmọ tó lè bí ní ọ̀gá.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ta fóònù, ló mú ìmọ̀ràn wá. "Àǹtí mi, aṣọ rere nìkan ò tà mọ́ o. Ohun tí aráyé bá ń ṣe lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí ni kẹ́yin náà ṣe. Bí wọ́n bá ń jó, ẹ jó."

Ni Àǹtí bá bẹ̀rẹ̀ ijó, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Kó tó mọ ijó kan jó, ayé ti pa á tì, wọ́n ti ń la ẹnu tẹ̀lé ohùn ẹlòmíì bí ẹja inú ọpọ́n. Kó tó mọ̀ ọ́n là, ìyẹn náà ti kọjá. Wọ́n ní ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ti orí fóònù ò tiẹ̀ dúró dọdún, ọgbọ́n àárọ̀ ni wèrè ìrọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá.

Àgbà nọ́ọ̀sì kan wà tí òun àtàwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé aṣọ wá rán lọ́dọ̀ Àǹtí láti ìgbà tí kò tíì hu ewú. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì ti gbé aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan wá tó fẹ́ wọ̀ lọ dágbére nílé ìwòsàn ní Sátidé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó pe Àǹtí lórí fóònù. Àǹtí fi irọ́ tí wọ́n fi ń mọ aránṣọ dá a lóhùn.

"Ó ti tán, Mà. Ó ku bọ́tìnnì nìkan."

Bọ́tìnnì wo? Sísọ́ọ̀sì ò tíì kan aṣọ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àṣà tuntun tún ti gbòde: èèyàn á ju aṣọ tí wọn ò tíì gé sókè, bó bá máa fi balẹ̀, ó ti di gáùn lára rẹ̀. Àbúrò di fóònù mú, Àǹtí ju aṣọ, ó yí pòyì. Fídíò náà ràn bí iná ọyẹ́, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì dì mọ́ra wọn. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i pé lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn Àǹtí, aṣọ nọ́ọ̀sì jókòó kalẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ká bó ṣe ká nígbà tí wọ́n gbé e dé.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Kó tó dìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fóònù lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Mà," ni Àǹtí kí i.

"O jó dáadáa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bọ́tìnnì mi dà?"

Àǹtí kúnlẹ̀. Àwáwí tó ti ń tò jọ láti àárọ̀ fò lọ. "Ẹ má bínú, Mà. Irọ́ ni mo pa."

Nọ́ọ̀sì fa àga, ó jókòó. "Dìde, kó má di pé mò ń tọ́jú orúnkún. Gé e níṣojú mi. Mi ò kúrò níbí títí wàá fi rán an tán."

Àǹtí gé aṣọ, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó bẹ́ẹ̀ sídìí iṣẹ́ gbẹ̀yìn. Ó wá ki àyà, ó béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé táwọn nọ́ọ̀sì yòókù ò wá mọ́? Ṣé ọ̀dọ̀ sísí òdìkejì ni wọ́n ń lọ?"

"Àwọn kan lọ lóòótọ́. Àwọn tó kù, aṣọ wọn wà nílé. Gbogbo ìgbà tá a bá ti ṣí fóònù, ìwọ la ń rí, ò ń jó lọ́sàn-án gangan. A ní, ta ló wá ń ránṣọ? A rò pé o ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni."

Ẹ̀rọ dúró. Àǹtí wo àbúrò rẹ̀, àbúrò wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú lẹ́nu Àǹtí, ó rín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Gbogbo ìyà tó fi jẹ orúnkún! Ara tù ú bí ẹni tó bọ́ bàtà tó ń fún un lẹ́sẹ̀.

"Àbúrò mi," ló wí, "aṣọ tó bá ti tán ni kó o máa fi fóònù yà, kí aláṣọ rí i, kó wá gbé e."

"Ijó ńkọ́?"

"Ìwọ lorúnkún ẹ ṣì le. Máa jó o."

Àǹtí ń ká etí aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn: "Ẹ kó aṣọ yín jáde o. Mo ti rí aránṣọ wa."

Àǹtí tẹrí mọ́ ẹ̀rọ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, kò sì fẹ́ kí omijé kán sórí aṣọ aláṣọ.