Tauno Gbé Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Lọ sí Oulu

Ọjọ́ tí Tauno Hirvelä gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú Tampere lọ sí ìlú Oulu ni àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé orí kunkun ọkùnrin náà kò ní oògùn. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó gbé ẹrù náà sórí ìjókòó tirẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀lù ìyàwó rẹ̀ bò ó nítorí òtútù.

Tauno ló kọ ètò àfikún kan fún ilé ìkàwé àwọn afọ́jú ní Oulu. Bí wọ́n bá ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò máa ka ọ̀rọ̀ sókè. Ó di àwọn fáìlì ohùn sínú àfikún náà gan-an. Lórí kọ̀ǹpútà Tauno, ó ń rojọ́ wótowòto; ní Oulu, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Lempi Aarnio, ọ̀gá ilé ìkàwé náà, tí òun pàápàá kò ríran, ní bí kò bá fọhùn lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn yóò dá a padà.

Riikka tó ń jókòó tì í ní ọ́fíìsì ti ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àdírẹ́sì fáìlì tí Tauno kọ sínú ètò náà, ti kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ni. Kò sí irú ibẹ̀ lórí ti ẹlòmíràn. Inú àfikún tó dì ni fáìlì wà, àfikún fúnra rẹ̀ ni kí Tauno sọ fún pé kó mú un jáde.

Tauno ní ọmọ àná kò lè kọ́ òun níṣẹ́. “Lọ́dọ̀ tèmi, ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ tèmi náà ni mo máa gbé lọ bá wọn.”

Ní Oulu, Lempi fọwọ́ kan ẹrù náà, ó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀lù. “Tauno, kọ̀ǹpútà méjìlélógójì la ní. Ṣé o máa wá jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?”

Tauno búra pé fáìlì wà níbẹ̀, ọwọ́ òun lòun fi gbé e síbẹ̀.

“Bí mo bá wá mu kọfí nílé rẹ,” Lempi ní, “ṣé ibi tí ife máa ń wà nílé tèmi ni kí n máa fọwọ́ wá kiri? Onílé ni mo máa bi.”

Tauno tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó pa ìlà àdírẹ́sì náà rẹ́, ó kọ òmíràn tó ní kí àfikún fúnra rẹ̀ mú fáìlì jáde, ó tún gbogbo rẹ̀ dì. Wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà Lempi, ohùn sì bú jáde. Ará Oulu kì í pariwo, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn wọ́n pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi pọ́n. Kíá ni Tauno pe Riikka lórí fóònù pé òun ti ṣàwárí nǹkan kan tí òun fẹ́ kọ́ ọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Tauno kú, àárò rẹ̀ sì ń sọ wá gan-an. A fẹ́ fi ohùn òṣèré kan rọ́pò àwọn fáìlì ohùn náà, torí ikọ́ pọ̀ nínú wọn. Tauno fúnra rẹ̀ ló fi ohùn ara rẹ̀ kà wọ́n sílẹ̀. Lempi kọ̀ jálẹ̀.

“A ò rí ojú rẹ̀ rí,” ló sọ. “Tauno tiwa nìyí. Ẹ fi í sílẹ̀.”