Òkè Tí Kò Tíì Pe Orúkọ Tán

Ní mọ́sáláṣí wọn, gbogbo èèyàn ló gbà pé etí Alhaji Nùrúdíìnì ti di. Ẹ pè é títí, kò ní wẹ̀yìn, àfi kí ẹ fọwọ́ kàn án léjìká. Mutmainah, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ní League City, ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tó dára fún un. Bàbá dúpẹ́, ó ṣàdúrà, ó sì sọ ẹ̀rọ náà sínú dúrọ́ọ̀. Kò kúkú sí ohun tó ṣe etí bàbá yìí. Ó ń gbọ́ ju bó ṣe fẹ́ lọ, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó máa dáhùn.

Ẹnjiníà ni. Láti ìgbà tó ti jáde ní yunifásítì ní Houston títí tó fi rẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ojú àgbàrá ló ṣe. Houston tẹ́jú pẹrẹsẹ, omi ibẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò gbà, àfi kí ẹnìkan máa la ọ̀nà fún un. Ẹni tó bá sì fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ilẹ̀ tó tẹ́jú, òkè a máa wù ú. Nígbà tí ẹgbẹ́ mọ́sáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdílé lọ sí Colorado ní ìsinmi oṣù Kejìlá, kí àwọn ọmọ lè lọ yọ̀ lórí yìnyín, òun àti Zakariyya ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní àwọn ń lọ.

Dókítà eléyín ni Zakariyya, Uptown ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Àwọn méjèèjì jọ gbé apartment kan nígbà tí wọ́n ń kàwé, wọ́n jọ jẹ ìrẹsì inú ìkòkò kan náà títí ó fi sú wọn. Òun nìkan ló ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Nùrú Àgbàrá.

Òkè Opó ni àwọn òyìnbó ń pe ibi tí wọ́n ń lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọra dagẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti ń de pátákó mọ́ bàtà, tí wọ́n ń ṣubú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lókè ibẹ̀ ni igbó igi tẹ́ẹ́rẹ́ funfun wà, tí àpá dúdú ara èèpo wọn dà bí ojú. Bí àga orí wáyà bá gbé yín kọjá igbó yẹn, igi tán. Ilẹ̀ á jìn, á fẹ̀ bí inú igbá, yìnyín á kún un dẹ́múdẹ́mú, kò ní sí ohun kan tó ń dún. Inú igbá yẹn ni abúlé wà nígbà kan rí.

Alhaji Nùrúdíìnì ka ìtàn náà lára ògiri òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń wa fàdákà ló ni abúlé náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá wọn á dúró sẹ́nu kòtò, á máa pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, oníkálukú á sì máa jẹ́ ẹ, kí wọ́n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún kan tí yìnyín pọ̀ jù, ibi tó ti ń pè wọ́n lọ́wọ́ ni òkè ti ya lu gbogbo wọn. Àwọn ìyàwó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà nìkan ló kù, gbogbo wọn di opó, òkè sì gba orúkọ wọn. Ó pẹ́ kí àwọn sójà tó ti ogun Hitler dé tó wá ta okùn síbẹ̀ láti máa fa ara wọn gòkè. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olówó dé tí wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n sì so àga mọ́ wáyà. Ṣùgbọ́n títí dòní, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú igbá yẹn. Fèrè ni wọ́n ń fọn síra wọn.

Ó bi bàbá òyìnbó kan tó ń ṣọ́ àga, Paul lorúkọ rẹ̀, pé kí ló dé. Paul kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kò tíì pè wọ́n tán ni.”

Nígbà tí Zakariyya gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Òkú òyìnbó wo ló fẹ́ mọ Zakariyya í pè? Ahọ́n ẹ̀ á lọ́ ni!”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì ń bọ̀ láti òkè, Zakariyya wà níwájú, ni kùrukùru bá ṣú bo igbá náà. Alhaji Nùrúdíìnì dúró, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ lókè ló ti gbọ́ ọ.

“Nùrú Àgbàrá!”

Ohùn Zakariyya ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìsàlẹ̀ ni Zakariyya wà. Orí rẹ̀ wú. Ìyá rẹ̀ ní Ìwó ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tí kò bá rí, kó má jẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, yóò wá bá a níbi tó wà. Ó pa ẹnu mọ́. Ohùn náà tún pè é, ó sì rẹ́rìn-ín bí Zakariyya ṣe máa ń rín in. Ẹnjiníà ńlá bọ́ pátákó ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìdí wọ́ délẹ̀.

Ó bá Zakariyya nísàlẹ̀, inú ń bí i. “Kí ló ń ṣe ẹ́, Nùrú? Ò ń pè mí, ò ń pè mí, mo sì ń dá ẹ lóhùn títí ọ̀fun mi fi gbẹ!”

Alhaji Nùrúdíìnì kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun kò pe ẹnikẹ́ni. Ó bu tíì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn kan ara wọn, ti Zakariyya tutù rinrin.

Kò tún móoru mọ́. Nínú ooru Houston, nínú oṣù Kẹjọ tí ọ̀dà ojú títì ń yọ́, súwẹ́tà ni dókítà eléyín wọ̀. Àwọn aláìsàn ń ṣàròyé pé ìka rẹ̀ ń ta àwọn lẹ́nu bí omi dídì. Kí ọdún tó yípo, ó dìde lọ́jọ́ kan, kò sọ fún Sẹ̀kínát ìyàwó rẹ̀, ó wọ bàálù lọ sí Denver. Ẹsẹ̀ Òkè Opó ni wọ́n ti rí mọ́tò tó háyà. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Wọ́n kírun sí i lára láìsí òkú nílẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnìkan pe “Nùrú Àgbàrá” nínú gáréèjì ilé Alhaji Nùrúdíìnì ní Fulshear, lẹ́bàá Houston. Kò jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó tún ń fi ohùn ìmáàmù pè é, ó ń fi ti Mutmainah pè é. Ìgbà tí kò mọ ìyàtọ̀ mọ́ ló kúkú yáa dití. Ta ni kó sọ fún, ọmọ tó jẹ́ dókítà? Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ohun kan ló gbójú fò. Ummulkhair, àkọ́bí Mutmainah, ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni, bí ẹ bá pè é, “What?” ló ń jẹ́. Èyí ń bí bàbá nínú. “Tí àgbà bá pè ẹ́, o ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Sà fún ọkùnrin, mà fún obìnrin, kó o sì sáré lọ bá wọn.” Ó kọ́ ọ títí gbogbo mọ́sáláṣí fi ń yin ọmọ náà. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá tirẹ̀ ní Ìwó kọ́ ọ, pé kéèyàn wo ẹni tó ń pe òun kó tó dáhùn, kò kọ́ ọmọ.

Nígbà tí Mutmainah bí èkejì, Làdíátù, ìyàwó Alhaji, lọ sí League City láti lọ wẹ ọmọ, ó fi Ummulkhair ti bàbá. Ní ọ̀sán Sátidé, bàbá ń wo ojú ìyàwó rẹ̀ nínú fóònù, ìyàwó ń sọ̀rọ̀, òun kàn ń mi orí bí adití. Ìyá àgbà ń fi omi gbígbóná ra ọmọ tuntun lórí, ọmọ ń ké. Ummulkhair wà nílẹ̀ lẹ́bàá bàbá, ó ń ya àwòrán.

Ohùn Làdíátù bá dún láti òkè àtẹ̀gùn. “Ummulkhair!”

Nínú fóònù, Làdíátù kò gbójú sókè lára ọmọ.

“Mà!” ni ọmọ rere náà wí, ó sì sáré.

Bàbá fò dìde, ó gbá aṣọ rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn. Ohùn náà tún dún, ó rọ̀, ó dùn. “Máa bọ̀, ọmọ mi.” Ọmọ wo fóònù, ó wo òkè.

Alhaji Nùrúdíìnì fà á sẹ́yìn ara rẹ̀, ó gbójú sókè. “Èmi nìyí!” ló fi gbogbo ohùn ké. “Èmi Nùrú Àgbàrá ni mo jẹ́ ẹ! Ọmọdé ni, kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni kí o mú!”

Òkè dákẹ́.

“Alhaji, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?” Làdíátù ń bèèrè nínú fóònù, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Àṣé etí yín ti là! Alihamudulilai!”

Bàbá yíjú sí ọmọ. Ó di ọwọ́ ọmọ mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó gbóná, òógùn wà ní àtẹ́lẹwọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ummulkhair lọ bá òun mú súwẹ́tà wá.