Ó Wà Lọ́wọ́ Yín

Tíkẹ́ẹ̀tì-Dà ni gbogbo èrò ọkọ̀ ojú irin ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Iṣẹ́ àyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì ló ṣe dàgbà, kò sì fojú fo ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó rẹ̀ gan-an gbàgbé tíkẹ́ẹ̀tì sílé lọ́jọ́ kan, ó ní kó lọ ra òmíràn. Irú èèyàn wo nìyẹn? Bó bá sì mú ẹni tí kò sanwó, á ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a."

Àwọn téṣàn kéékèèké kò ní géètì. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ló ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á kó o sápò. Ti àwọn tó ṣì ń lọ, á lù ú níhò, á dá a padà. Ihò tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń lù ní igun mẹ́ta, kò sí ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́ náà tó ní irú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá obìnrin kan létí fèrèsé, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

"Ó wà lọ́wọ́ yín, sà. Ẹ ti gbà á lẹ́ẹ̀kan."

"Lọ́wọ́ tèmi? Màdáámù, ẹ má fi mí ṣeré o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi ń kú lọ, wọ́n ní kí n tètè máa bọ̀."

"Gbogbo yín náà lẹ ní ìyá tó ń kú!"

Ó já a sílẹ̀ ní téṣàn kékeré. Ọkọ̀ èrò mìíràn kò sí títí di ọjọ́ kejì, lobìnrin náà bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ lójú irin. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ló pa á.

Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí obìnrin náà fi padà sí ìjókòó rẹ̀ létí fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni o! Òkúta wẹ́wẹ́ ojú irin há sí bàtà rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá nawọ́, obìnrin náà á ní, "Ó wà lọ́wọ́ yín." Àwọn èrò á máa wo àgbà ọkùnrin tó ń bá ìjókòó òfìfo jà. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kó rí oorun sùn ni pé ó dá a lójú pé òpùrọ́ lobìnrin náà.

Lọ́dún kẹfà, ìyàwó rẹ̀ ń rán àpò kóòtù rẹ̀ tó ti ya, ó sì fa tíkẹ́ẹ̀tì kan yọ láàárín aṣọ inú. Déètì ọjọ́ yẹn ni. Téṣàn ìparí ló ń lọ. Ihò onígun mẹ́ta wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti lù ú, ó wá kó o mọ́ ti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú un lọ fún obìnrin náà. Obìnrin náà yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó yẹ iwájú. Kò bínú. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé màá ṣì bá ìyá mi láyé, sà?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ṣì ń wọ ọkọ̀ náà, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló sì ń rà. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ jókòó létí fèrèsé, ó di ọwọ́ mi mú.

"Èèyàn wà níbẹ̀."

Mo wolẹ̀ níwájú ìjókòó náà, mo rí òkúta wẹ́wẹ́ ojú irin. Mo fà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọjú sí fèrèsé, ó sì rọra sọ ọ́, bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́:

"Ẹ máa bá a láyé, màdáámù. Ó kù díẹ̀ ká dé."