Ojú Ewé Tí Kò Sí Níwájú Mi

Lọ́jọ́ wòlímọ̀ mi, mo ka ojú ewé kan já geere láìṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, níṣojú gbogbo Rore, ìlú wa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ewé mìíràn ló ṣí sílẹ̀ níwájú mi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Kí oòrùn tó yọ ni òórùn ẹran díndín ti gba agboolé wa, ìyá mi sì ń fọwọ́ pa aṣọ funfun tó rà fún mi ní Àjàṣẹ́-Ìpo bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ bó ṣe máa ń rí: ọmọ ilé kéú yóò jókòó láàárín ẹbí, yóò ka kéú sí wọn létí, kí Áfáà tó kéde pé ó ti yege. Ìyá mi, tí kò kọ́ kéú rí láyé rẹ̀, ti lọ dé Àrán-Ọ̀rin láti pe àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ Àmíná mi," ló ń wí káàkiri. "Ẹ ṣáà wá gbọ́ ọmọ mi."

Àwa méjì là ń ṣe wòlímọ̀ lọ́jọ́ náà. Rámá, ọmọ àbúrò bàbá mi, ni ìkejì. Ìka ni Rámá fi ń kàwé. Yóò fi ìka sábẹ́ lẹ́tà kan, yóò pè é, yóò tún sún ìka síwájú, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Èmi ò nílò ìka. Àwọn àgbà ọmọ ilé kéú kì í dákẹ́ kíkà, tí mo bá sì ti gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di tèmi. Mo máa ń gbé wàláà, pátákó tí a ń kọ kéú sí, súnmọ́ ojú, òórùn tàdáwà tí a fi kọ ọ́ á gba imú mi, ẹnu mi á sì máa lọ. Áfáà á ní, "Máṣáálà." Mo gbà tọkàntọkàn pé ohun tí ayé ń pè ní kíkà nìyẹn.

"Rámá, ṣé ọ̀la lo máa kà á tán ni, àbí ọ̀túnla?" Kò sọ́jọ́ tí n kì í bi í.

"Fi ìka sí i, Àmíná," lòun náà máa ń wí.

"Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló nìka."

Ìyá mi gbọ́ wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi." Mo rò pé ó ń fi Rámá ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀ náà, wọ́n fi agbòjò bò wá lórí, àwọn ọmọdé ń sáré níwájú wa. Rámá ló kọ́kọ́ kà. Ó pẹ́ débi pé ọmọ kan sùn lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó wá kàn mí. Mo gbé ohùn sókè, mo ń mi orí, àwọn ará Àrán-Ọ̀rin ni mo tẹjú mọ́. Wọ́n dìde dúró. Atẹ́gùn fẹ́, ó ṣí ewé mélòó kan kọjá nínú Àlùkùránì iwájú mi. N kò mọ̀.

Rámá tó jókòó tì mí mọ̀. Mo pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í léèrè. Ó ní: "Mo fi ìgúnpá gún ọ lẹ́ẹ̀mejì. O rò pé ìlara ni. O tún wá gbé ohùn sókè sí i."

Òótọ́ ni. Mo rántí ìgúnpá náà.

Áfáà rọra sún mọ́ mi. "Àmíná, ibo lò ń kà?"

Mo tẹ ìka mọ́ àárín ojú ewé náà láìmikàn.

Ó wò ó. "Ó dáa. Ka ibi tí ìka rẹ wà yẹn fún mi."

Àwọn àmì dúdú yẹn ń wò mí. N kò dá ọ̀kan ṣoṣo mọ̀ nínú wọn. Mo wojú ìyá mi. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí, torí kò tíì mọ̀ pé nǹkan ti dé. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Nígbà tó yé e, ó fa ìborùn bojú.

Áfáà kò pariwo. "Oúnjẹ ti jinná, a ó jẹ ẹ́," ó ní. "Rámá ti yege. Àmíná ń padà sórí ẹní àwọn ọmọ kéékèèké láàárọ̀ Sátidé. Alífù, lẹ́tà àkọ́kọ́, ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Rámá ni yóò sì máa kọ́ ọ."

Ọdún méjì ni mo lò lórí ẹní yẹn. Nígbà tí mo wá yege, ìyá mi kò pe ará Àrán-Ọ̀rin kankan.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe báyìí. Ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, mo máa ń fi ìka tọ̀ ọ́ nínú ìwé mi kí n tó gbé e jáde; àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé èmi àti ọmọ aláṣọ funfun yẹn ti pínyà. Ṣùgbọ́n Rámá ló ń kọ́ àwọn ọmọ Rore ní kéú lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọbìnrin mi ń lọ lo ọlidé yìí. Mo ti fi ohùn ọmọ náà níbi tó ti ń ka kéú ránṣẹ́ sí i lórí fóònù.

"Ẹnu rẹ̀ yá bíi tìẹ," Rámá wí. "Láàárọ̀ Sátidé, alífù la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ti dé orí ahọ́n mi pé ọmọ mi ti kọjá alífù. Mo gbé e mì. "Ó dáa, Áfáà," ni mo wí.

"Kó má gbàgbé ìka rẹ̀ sílé o."