Fíìmù Àkọ́kọ́ Ìlú Wa àti Ìyá Tó Ń Wẹ Ọmọ

Òórùn òrí tó ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àti òórùn ọṣẹ dúdú la fi ń mọ ẹ̀yìnkùlé Màmá ní àdúgbò wa ní Ìlobù. Láàárọ̀, kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá, màá sì bá abiyamọ mẹ́ta mẹ́rin lórí àpótí, tí wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Màmá á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ tuntun sórí itan, á ti kànìnkànìn bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á fọ̀ ọ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á fi òrí nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, á wá jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ á ké, àwa á rẹ́rìn-ín. Ìfọ́n ni wọ́n bí i sí, Ìlobù ni ilé ọkọ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ débi pé àwọn tó wẹ̀ lọ́mọdé ti ń gbé ọmọ tiwọn wá fún un. Ìwọ náà mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Síbẹ̀, n ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni béèrè ìlú tí ọwọ́ tó ń wẹ ọmọ òun ti wá.

Èmi ni mo mú àwọn onífíìmù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kó má di pé mò ń ṣe bí ẹni mímọ́. Nígbà tí àwọn kan ní àwọn fẹ́ ya fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yà nínú ìlú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti kékeré la ti ń wo ìlú àwọn ẹlòmíì nínú tẹlifíṣọ̀n, mo ní ó tó àsìkò kí àwọn náà wo tiwa. Olùdarí wọn ní òun ń wá ìyá àgbà kan tó ń wẹ ọmọ, kí ayé lè rí àṣà wa. Àṣà wa! Inú ṣì ń bí mi tí mo bá rántí bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ náà yangàn.

Ìró tó dáa jù ni Màmá ró lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Abiyamọ kan ládùúgbò gbé ọmọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ọmọ náà sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Màmá wẹ̀ ẹ́, ó ń kì í bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí, olùdarí ní kó gbé ojú sókè wo kámẹ́rà, kó má rẹ́rìn-ín rárá.

"Kí ló dé tí n ò ní rẹ́rìn-ín?" ni Màmá bi í. "Ṣé ọmọ yìí ò wuyì ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n tún ní kó ṣe é, títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tí ojú rẹ̀ le. Ìgbà yẹn ni olùdarí pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà iwájú ni wọ́n fi Màmá sí, èmi sì jókòó tì í. Ẹ gbà mí o! Ojú tó ti rẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé kún ògiri, tí wọ́n kùn ún ní pupa fòò. Ohùn kan tó ki jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ní òun ti fi omi ìwẹ̀ gba àyànmọ́ ọmọ náà. Ó ju ọmọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tó fi máa bọ́ sílẹ̀, ọmọ ti kú. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Màmá yíjú sí mi, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Tíṣà, ohùn ta ni wọ́n fi sí mi lẹ́nu yìí?"

Kí n tó dáhùn, obìnrin tó wà lẹ́yìn wa ti gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nítòsí wa. Ó yẹ kí n dìde. Ó yẹ kí n pariwo pé irọ́ ni, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ń bọ̀ nígbẹ̀yìn fíìmù, mo sì ń retí rẹ̀. Nígbà tó jáde, tí wọ́n pè mí síwájú, mo kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, mo gba àtẹ́wọ́. Mò ń yọ ṣùtì sí ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀yìnkùlé náà fi dá páropáro. Ẹnì kan ní ọmọ òun ní ọ̀fìnkìn, ẹlòmíì ní nọ́ọ̀sì ní kí òun máa fúnra òun wẹ̀ ẹ́. Ta lo rò pé ó kọ́kọ́ sá? Ìyá ọmọ tí wọ́n fi ya fíìmù gan-an ni! Ọmọ tí wọ́n ní ó kú ń rá kiri lójú gbogbo wa, mọ́ínmọ́ín kún ẹnu rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń sọ fún èèyàn pé òun dúpẹ́ pé òun tètè mọ̀. Irú kí ni gbogbo èyí, jọ̀ọ́? Àwọn tó jẹ́ pé ọwọ́ Màmá ló kọ́kọ́ bu omi sí wọn lórí, tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n á kúnlẹ̀ dáadáa, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá," wọ́n á sì fi ìborùn bo ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n wá rántí pé Ìfọ́n ló ti wá.

Mo wá olùdarí lọ. Ó ń jẹun lọ́wọ́, kò tilẹ̀ dúró.

"Àǹtí, eré ni," ló wí. "Ta ni ò mọ̀ pé eré ni? Fíìmù tí ò ní àjẹ́, ta ló máa wò ó?"

Ó nu epo ẹnu rẹ̀, ó ní kí n wá bá òun jẹun. Ṣíọ̀!

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo bí àkọ́bí mi. Láàárọ̀ tí a ti ọsibítù dé, ìyá ọkọ mi gbé omi ìwẹ̀ kaná, ó ní, "Obìnrin yẹn ò ní fọwọ́ kan ọmọ ọmọ mi o."

Mo ní, "Màámi, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Ojú mi ni wọ́n ṣe é."

Ó ní, "Ojú tèmi náà ni mo fi wo fíìmù."

Ó ti rẹ̀ mí, mo ní màá bá a fà á lọ́jọ́ mìíràn.

Omi ò tíì hó tí Màmá fi wọlé. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó gbé abọ́ òrí dání, ó ti ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè. Ọmọ wà lórí itan mi, irun rẹ̀ gbẹ táútáú, ohun funfun tó bá a wáyé ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ó ń wò mí.

Mo ní, "Màmá, a ti wẹ̀ ẹ́."

Ó wo orí ọmọ náà, ó wo ìkòkò omi lórí iná, ó wò mí, ó sì fa ọwọ́ bùbá rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa, Tíṣà," ló wí. "O kú ọwọ́ lómi o." Ó gbé abọ́ òrí náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí ìyá ọkọ mi fi da òrí náà nù, mo jókòó, mò ń wò ó.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Màmá kó ẹrù rẹ̀ padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìfọ́n. Níbẹ̀ náà, wọ́n ti wo fíìmù ọ̀hún tán. Ìlú méjì tí ò lè fẹnu kò lórí ilẹ̀ wá fẹnu kò lórí obìnrin kan ṣoṣo tí ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó kú síbẹ̀ láì tún fọwọ́ kan ọmọ tuntun mọ́.

Oṣù tó kọjá, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ ṣàjọyọ̀ fíìmù àkọ́kọ́ ìlú wa, kí n wá sọ̀rọ̀. Ojú Màmá, pupa fòò, ni wọ́n tẹ̀ síwájú ìwé náà. Ọmọ mi wò ó, ó ní, "Mọ́mì, àjẹ́ inú fíìmù nìyí, àbí?" Mo ní rárá, ìyá tó ń wẹ ọmọ ni. Ó ní, "Ṣé ó wẹ èmi náà?"

Mo ti bú olùdarí yẹn, mo ti bú àwọn aládùúgbò, mo ti bú ìyá ọkọ mi nínú ọkàn mi títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn, ohun tí wọ́n rí lára ògiri ni wọ́n gbà gbọ́. Èmi ò gbà á gbọ́ fún ìṣẹ́jú kan, èmi náà ni mo sì wo Màmá lójú, tí mo ní a ti wẹ ọmọ.