Fìlà Àjàní Lórí Igi Máńgòrò

Láti ọwọ́ Àkànbí, ọ̀rẹ́ olóògbé

Háà, Àjàní, o ṣe bẹ́ẹ̀ o lọ. Ta ni ì bá mọ̀ ọ́ bí kì í bá ṣe èmi? Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ àwòrán sára ilẹ̀kùn. Èmi ni mo fi ètò sí òwúrọ̀ rẹ, tí gbogbo Akínyẹlé fi ń pè ọ́ ní ọ̀gá agbẹ́gi.

Ó dáa. Ìyá Dúpẹ́, ìyàwó rẹ, yóò ka ìwé ètò ìsìnkú yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dín in kù. Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ìṣó tí ò ń fi fìlà kọ́ lára igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà rẹ ni mo bá ọ kàn, ó sì wọ́.

Àwọn ọmọ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Mi ò ní ìtùnú. Inú ló ń bí mi. Ó ń bí mi sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ dúdú wá síbí, tí ẹ ń ké "Baba rere, Baba rere." Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pè é ní agbéraga?

Kí àlejò lè mọ ohun tí mò ń wí: tí ilẹ̀ bá ti mọ́, Àjàní á gbá èérún igi àná kúrò, á pọ́n irin ìgbẹ́gi rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á ju fóònù sínú agolo gàrí, á fi fìlà kọ́ ìṣó, á wá kọ ẹ̀yìn sọ́nà. Bí fìlà bá ti wà níbẹ̀, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ní abúlé wa yìí, níbi tí a ti ń kí ewúrẹ́ mọ́ ẹni tó ni ín. Ó ní ìkíni kan a máa bí mẹ́wàá, kí òun tó dá wọn lóhùn tán, àwòrán tó wà lójú òun á ti sá lọ. Bí oòrùn bá ga, á dé fìlà, á máa lọ láti ilé dé ilé, á máa dáhùn ìkíni àárọ̀. "Ìyá Ṣadé, ẹ ṣé o, ara mi le." Ìyá Ṣadé á ti gbàgbé pé òun kí i. Síbẹ̀ ẹ bínú. Ẹnì kan nínú yín tilẹ̀ já fìlà náà sọ sínú ẹrẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Àga iwájú ló jókòó sí lónìí.

Èmi náà kò gbà fún ọ, Àjàní. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró lẹ́yìn rẹ: "O kú iṣẹ́ o. O kú ìjókòó. O kú àìdáhùn." O kò ní wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èjìká rẹ á máa gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín lò ń rín. Èjìká yẹn ni oúnjẹ àárọ̀ mi.

Ọdún yìí ni ojú rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn wa ló wà lọ́wọ́ rẹ, èyí tí o gbẹ́ àwọn obìnrin tó ń pọnmi sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, o wá bá mi nílé, o kò bá mi ṣeré. O ní, "Àkànbí, igun kan ló kù. Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí ojú mi tó lọ. Jọ̀ọ́, fún mi ní òwúrọ̀ kan, òwúrọ̀ kan péré tí o kò ní kí mi."

Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbọ́ pé àwọn ẹbí fẹ́ mú káfíńtà wá láti Ìbàdàn kó wá parí igun náà. Ẹni tó bá gbé irin síbẹ̀, èmi àti onítọ̀hún ni. Àjàní máa ń sọ pé òun ń fi ibì kan sílẹ̀ láìgbẹ́ kí ọwọ́ òun lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Wọ́n kọ ọ́ sójú ewé kejì ìwé yìí pé kò sí ẹnì kankan nítòsí nígbà tí o lọ. Irọ́ ni. Èmi wà nítòsí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí o wá bẹ̀ mí ni, mò ń lọ sí ọjà Ṣáṣá. Fìlà wà lórí igi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ. O forí ti ilẹ̀kùn, èjìká rẹ kò gbọ̀n. Mo rò pé igun tó kù lò ń wò. Mo pa ẹnu mọ́, mo rọra kọjá, mo tilẹ̀ ń yin ara mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa dé lọ́sàn-án, fìlà ṣì wà níbẹ̀, èrò sì ti kún ẹnu ọ̀nà.

Bóyá o ti lọ nígbà tí mo dúró, bóyá o ṣì ń mí, mi ò mọ̀. Bí mo bá ti kí ọ ni, ǹ bá mọ̀.

Sùn re, Àjàní ọ̀rẹ́ mi. O kú iṣẹ́ o. Mi ò kí ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.