Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Ya Kòkòrò Inú Oko Ìyá Mi

Mo rántí ọ̀sán tí ìyá mi gbé ẹ̀ka kòkó kan wá bá mi ní Ìjerò láti Ìlògbò, tó fi ewé wé e bí ẹni gbé aláìsàn wá. Ẹ̀ka náà wú níbi méjì, àwọn kòkòrò funfun tín-ín-tín sì lẹ̀ mọ́ ọn, àfi bí ẹni bu fúláwà lé wọn lára. Igi mẹ́rin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún un, oko tó rán mi níwèé, tó sì ń bọ́ òun náà.

"Ọmọ mi, wá bá mi gé ugi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká fi uná sun wọ́n," ló wí. "Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò."

Èmi tíṣà fisíìsì, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màámi, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán kòkòrò yìí dáadáa, kí n fi ránṣẹ́ sáwọn onímọ̀. Wọ́n á sọ oògùn rẹ̀ fún wa." Kí n má parọ́, ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rọ ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ti ń wù mí ṣe. Àìsàn kòkó kàn fún mi ní àwáwí ni.

Kòkòrò náà kéré débi pé bí kámẹ́rà bá rí orí rẹ̀ kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣú. Ṣe ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa rìn síwájú díẹ̀díẹ̀, kó ya àwòrán, kó tún rìn, títí yóò fi ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kí kọ̀ǹpútà wá so ibi tó mọ́ nínú wọn pọ̀. Ọwọ́ èèyàn ò lè ṣe é. Mo tú pírińtà kan tó ti kú, mo yọ ẹ́ńjìnnì kékeré inú rẹ̀ àti irin tó ń gùn lọ gùn bọ̀ láti máa fi ti kámẹ́rà síwájú, mo sì kọ ẹ̀yìn lẹ́ǹsì àtijọ́ kan síta níwájú kámẹ́rà, kó lè sọ ohun kékeré di ńlá.

Báyìí ni ẹ̀ẹ̀rùn ṣe lọ. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ ata ládùúgbò, tábìlì mi á gbọ̀n, gbogbo àwòrán á bàjẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí táyà tí mo rọ iyanrìn sí. Iná á tún lọ. Bí iná bá wà, kòkòrò á rìn. Mo wá ń kó wọn sínú fìríìjì kí òtútù lè mú wọn jókòó jẹ́ẹ́, ìyàwó mi sì bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Ẹ má bi mí ní ohun tó sọ.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá mi ń pè mí. "Ṣé o ti rí i?" Mo ní ó ku díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ bá a gé igi náà, ó kọ̀. Ó ní ọmọ òun tó kàwé ní kí òun dúró.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa kí àwòrán kan tó jáde. Mo rí irun ara kòkòrò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí ẹnu rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ nínú èèpo igi. Mo kígbe ayọ̀. Mo fi ránṣẹ́, èsì sì dé: kò sí oògùn, ẹ gé igi tó ń ṣàìsàn, ẹ sun ún, ẹ má fi falẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.

Mo gba ọ̀kadà lọ sí Ìlògbò lọ́jọ́ náà. Àrùn náà ti kúrò lára igi mẹ́rin, ó ti sọdá odò tó la oko náà já. Ìyá mi mú mi rìn yí oko ká. Mo na fóònù sí i. Ó wo àwòrán náà pẹ́.

"Èyí ni mo dúró dè?"

Kò bínú. Ó kàn bèèrè ni.

A gé igi oko náà ju ìlàjì lọ. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn síbẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ mi ń ṣiṣẹ́ geere; mo ti ya ojú èèrà, mo ti ya ìyẹ́ labalábá, àwọn èèyàn ń kan sáárá sí mi lórí fóònù. Bí ará ìlú bá bi ìyá mi nípa kòkó rẹ̀, á ní àìsàn ló pa á. Kò dárúkọ mi sí i rí. Ì bá bú mi lẹ́ẹ̀kan péré, ara ì bá tù mí.